Iyọ̀ Inú Omi Aró

Aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú ìkòkò aró kì í dúdú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á rò pé iṣẹ́ ti bàjẹ́, nítorí àwọ̀ ewé tó fẹ́ máa pọ́n ló máa ń ní. Ìyá aláró kì í mikàn. Á fún omi ara rẹ̀ dànù, á tẹ́ ẹ sórí okùn, á sì dúró. Bí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ sí i, àwọ̀ ewé náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà díẹ̀díẹ̀, á dà bí ojú ọ̀run, á tún jinlẹ̀ sí i, títí á fi di aró gidi. Bí ìyá náà bá fẹ́ kó dúdú jù bẹ́ẹ̀ lọ, á dá a padà sínú ìkòkò, á tún gbé e jáde kí atẹ́gùn tún fẹ́ sí i. Ní Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta, ní Òṣogbo, níbikíbi tí wọ́n ti ń ṣe àdìrẹ, ọmọ iṣẹ́ tó bá ti lo oṣù díẹ̀ mọ̀ pé atẹ́gùn ló ń parí ohun tí ìkòkò bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí okùn yẹn dáadáa. Ewé ẹ̀lú tí a gún, tí a sì rẹ sínú omi eérú, ní aró nínú, ṣùgbọ́n aró náà kì í yọ́ nínú omi bó ṣe wà. Àwọn kòkòrò tí ojú kò rí, tí wọ́n ń gbé inú ìkòkò, ni wọ́n ń lo ọ́síjìn inú omi tán, tí wọ́n sì ń sọ aró di ohun tó lè yọ́, tó lè wọ inú òwú lọ. Nígbà tí aṣọ bá jáde, ọ́síjìn inú atẹ́gùn á dé bá a, aró á dì sínú òwú níbẹ̀, kò sì ní lè bá omi jáde mọ́. Ọ́síjìn kan náà ló ń mú iṣu tí a bẹ sílẹ̀ dúdú kí omi tó hó. Òun ló ń mú àdá tí òjò pa dípẹtà lẹ́yìnkùlé. Òun náà ló wà nínú iná tó ń jó igi. Ọ̀kan ń yára, ọ̀kan ń falẹ̀, ṣùgbọ́n ìdílé kan náà ni gbogbo wọn.

Ẹni tó bá ti ṣèèṣì da JIK, ohun ìfunṣọ, sára aṣọ aláwọ̀ ti mọ apá kejì ìtàn náà. Bí agbára tó ń gba ẹ́lẹ́ktíróònù lọ́wọ́ aró, bí ọ́síjìn ti ń ṣe, bá pọ̀ jù, kì í dúró síbi tó ti sọ ọ́ di dúdú. Á já ìdè inú mólékù aró náà, á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ojú ibẹ̀ á sì funfun. Ohun tó bí àwọ̀ náà ló padà wá pa á. Àwọn onímọ̀ ti fi ọgbọ́n yìí ṣe iṣẹ́ ńlá: wọ́n ń fi kẹ́míkà jó ẹ̀gbin tó wà nínú omi tí ilé-iṣẹ́ dà nù, láìdáná, láìsí èéfín, inú omi náà gan-an ni ìjóná náà ti ń ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ náà á rọrùn díẹ̀ bí kì í bá ṣe ti iyọ̀. Iyọ̀ yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìlú tí mo sì fẹ́ fi ṣàlàyé rẹ̀ jìnnà sí Abẹ́òkúta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aláró ni àwọn náà.

Tiruppur ni wọ́n ń pe ìlú náà. Ó wà ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu, ní gúúsù Íńdíà, létí odò Noyyal. Síńgílẹ́ẹ̀tì, tíṣáàtì àti àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń rán níbẹ̀. Òwú ni wọ́n fi ń hun ún, ṣùgbọ́n aró wọn kì í ṣe ẹ̀lú. Irú aró tí ilé-iṣẹ́ ICI ní Ìlú Ọba kọ́kọ́ gbé wá sí ọjà ní 1956, tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Procion, ni baba ńlá ohun tí wọ́n ń lò. Aró ẹ̀lú kàn sá pamọ́ sínú òwú ni. Aró ti Tiruppur máa ń so mọ́ òwú bí ìgbà tí alájòópọ̀ bá jó irin mọ́ irin. Ìdí nìyẹn tí tíṣáàtì pupa kì í fi í ṣí sára aṣọ funfun lẹ́yìn tí a bá ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta.

Kí wọ́n tó so mọ́ra, wàhálà wà. Bí òwú bá ti wọ inú omi, ara rẹ̀ máa ń ní agbára iná mànàmáná díẹ̀, aró náà sì ní irú èyí tí òwú ní gẹ́lẹ́. Irú kan náà máa ń ti ara wọn sẹ́yìn. Àfi kí wọ́n wá alárinà. Iyọ̀ ni alárinà yẹn. Bí iyọ̀ bá pọ̀ tó nínú omi, ìtìsẹ́yìn náà á rọlẹ̀, aró á sún mọ́ òwú, á sì dì í mú. Fún àwọ̀ tó jinlẹ̀, iyọ̀ inú lítà omi aró kan lè tó gíráàmù 80. Omi òkun fúnra rẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù 35 nínú lítà kan lọ. Nítorí náà, ìkòkò aró tó ń pa tíṣáàtì dúdú láró lè fi iyọ̀ ju òkun lọ ní ìlọ́po méjì.

Bí ojú bá ti mọ ojú, alárinà a yẹ̀ba. Iyọ̀ kò bá aṣọ lọ síbi kankan. Gbogbo rẹ̀ pátá ló ń bá omi ìṣanṣọ jáde, tòun ti aró tí kò rí òwú so mọ́, èyí tó lè jẹ́ 10 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún aró tí wọ́n dà sínú ìkòkò. Lẹ́yìn tí omi ìṣanṣọ bá ti la ìyókù, iyọ̀ tó wà nínú lítà kan lára omi tí wọ́n ń dà nù ní Tiruppur tẹ́lẹ̀ máa ń wà láàárín gíráàmù 5 sí 10. Òfin tí ìjọba ibẹ̀ ṣe kò gbà kó ju gíráàmù 2.1 lọ.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú Noyyal ni omi yìí ń dà sí. Ìjọba kọ́ ìsédò kan sí Orathupalayam, ní ìsàlẹ̀ odò, kí àwọn àgbẹ̀ agbègbè Erode àti Karur lè máa fi bomi rin oko wọn. Omi aró ni ìsédò náà wá ń kó jọ. Kànga korò. Ilẹ̀ oko gba iyọ̀ títí irúgbìn kò fi rí omi mu níbi tí omi wà. Àwọn àgbẹ̀ tó ń lo odò náà kó ara wọn jọ, wọ́n gbé ẹjọ́ lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Madras. Ní December 2006, ilé-ẹjọ́ pàṣẹ pé ẹ̀kán omi aró kan kò gbọ̀dọ̀ wọ odò mọ́. Nígbà tó di January 2011, tí àṣẹ náà kò tíì ṣẹ, ilé-ẹjọ́ ní kí wọ́n ti gbogbo ilé aró àti ilé ìfunṣọ pa. Wọ́n tó nǹkan bí 700. Àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ náà kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ohun tí àwọn ọ̀gá wọn kọ̀ láti ṣe, àwọn àgbẹ̀ náà kò sì mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú oko tó ṣègbé. Ó ń dùn mí bí mo bá rántí àwọn méjèèjì.

Àwọn tó ń ya fọ́tò odò Noyyal, àwọ̀ pupa àti àwọ̀ àlùkò ni wọ́n ń yà. Èmi náà, àwọ̀ yẹn ló kọ́kọ́ fa ojú mi. Ṣùgbọ́n àwọ̀ kọ́ ló pa oko. Iyọ̀ tí kò ní àwọ̀, tí fọ́tò kò lè mú, ló pa á.

Ìbéèrè tó yẹ kí a bi ara wa ni pé kí ló dé tí wọn kò fi wẹ omi náà mọ́ bí àwọn ìlú ńlá ti ń wẹ omi ilé-ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́. Ọ̀nà tó gbajúmọ̀ jù lọ láyé ni pé kí a jẹ́ kí àwọn kòkòrò àìfojúrí jẹ ẹ̀gbin inú omi. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ihò sọkawéè lẹ́yìn ilé wa nìyẹn, àyàfi pé níbi tí wọ́n ti ń ṣe é fún ìlú ńlá, wọ́n máa ń fẹ́ atẹ́gùn sínú àgbá omi kí àwọn kòkòrò náà lè jẹun kánkán. Ọ̀nà náà kò wọ́n, ó sì dára. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé Yorùbá ló mọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe fún ohun abẹ̀mí. A ń fi iyọ̀ sí ẹja kí ó má bàa rà. Kí ló túmọ̀ sí ju pé àwọn kòkòrò tó ń mú nǹkan rà kò lè gbé ibẹ̀? A mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìgbín bí iyọ̀ bá kàn án: omi ara rẹ̀ á máa ṣàn jáde títí á fi kú. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀gbin kò yàtọ̀ sí ìgbín nínú èyí. Bí iyọ̀ bá pọ̀ lóde ara rẹ̀ ju inú rẹ̀ lọ, omi inú rẹ̀ á jáde lọ bá iyọ̀. Bí iyọ̀ bá ti kọjá gíráàmù 10 nínú lítà kan, iṣẹ́ wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀. Ó lè mọ́ wọn lára bí iyọ̀ náà bá dúró sójú kan, ẹ̀dá ń gbé inú òkun náà ṣáá. Èyí tó ń pa wọ́n ni kí ó jẹ́ gíráàmù 4 lónìí, 15 lọ́la, bí ilé aró bá ṣe gba iṣẹ́ ńlá. Àti pé àní bí ara wọn bá le, aró ìgbàlódé yìí kì í ṣe oúnjẹ wọn. Ẹni tó ṣe é, ó ṣe é kí ọṣẹ, oòrùn àti òógùn má lè bà á jẹ́. Ohun tí ọṣẹ kò rí ṣe, kòkòrò kì í sáré jẹ ẹ́.

Ìgbà náà ni wọ́n yíjú sí ìjóná inú omi.

Ọkùnrin kan wà ní Cambridge tí ń jẹ́ Henry John Horstman Fenton. Ní 1894 ó kọ̀wé jáde pé bí a bá fi irin díẹ̀ sí háídírójìn pẹ́rọ́ksáìdì, àpapọ̀ wọn lè jó ásíìdì inú èso àjàrà bí ẹni pé iná ni. Pẹ́rọ́ksáìdì yìí náà ni èyí tí wọ́n ń tà nílé ìtajà òògùn, tí a ń dà sójú egbò tó máa ń hó kùṣùkùṣù. Fenton kò ronú kan omi ìdọ̀tí rárá. Ó di 1934 kí Fritz Haber àti Joseph Weiss tó sọ ohun tí wọ́n gbà pé ó wà nídìí rẹ̀: irin máa ń já pẹ́rọ́ksáìdì sí méjì, apá kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ ohun kékeré kan tó jẹ́ ọ́síjìn kan pẹ̀lú háídírójìn kan, tí ẹ́lẹ́ktíróònù rẹ̀ kan kò ní ẹnìkejì. Hydroxyl radical ni wọ́n ń pè é. Àpọ́n ni mo máa ń pè é nínú ọkàn mi. Ẹ́lẹ́ktíróònù fẹ́ràn láti jẹ́ méjì-méjì, èyí tó dá wà á gba ti ẹni àkọ́kọ́ tó bá pàdé. Kì í yan ẹni. Ẹ̀mí rẹ̀ kò gùn tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá, kó tó gba nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Agbára gbígbà rẹ̀ jẹ́ 2.8 lórí òdiwọ̀n volt. Ti ósóònù jẹ́ 2.07, ti kílóríìnì jẹ́ nǹkan bíi 1.36.

Láti lò ó, wọ́n á kọ́kọ́ fi ásíìdì sí omi aró náà títí yóò fi kan tó omi ọsàn. Wọ́n á da irin olómi sí i, wọ́n á máa ta pẹ́rọ́ksáìdì sí i díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì máa ro ó. Ẹni tó bá dúró tì í á rí i tí àwọ̀ ń ṣá lójú rẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Mólékù aró dúdú tí wọ́n ń lò jù lọ, Reactive Black 5, ní ìdè méjì tí àwọ̀ rẹ̀ rọ̀ mọ́. Àpọ́n náà já wọn, àwọ̀ sì lọ. Kí a tó wá jó gbogbo wẹ́wẹ́ tó ṣẹ́kù di omi àti kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì, ó lè gba wákàtí púpọ̀, àwọn kan nínú wẹ́wẹ́ náà sì máa ń ṣagídí títí dé òpin. Nígbẹ̀yìn, wọ́n á fi láìmù pa kíkan omi náà, irin á sì rọ̀ sílẹ̀ di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ pupa, tó jọ ìpẹtà ara àdá. Ìpẹtà náà ni lóòótọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lọ kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí iyọ̀ ti wọlé nìyí. Iyọ̀ ọbẹ̀, bó bá ti yọ́ nínú omi, méjì ló pín sí, sódíọ̀mù àti kílóráìdì. Sódíọ̀mù kò dá sí ọ̀ràn. Kílóráìdì ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ká ní ẹnì kan ń ṣe ìnáwó, ó pe àlejò díẹ̀, ó se oúnjẹ tó tó wọn. Àwọn mo-gbọ́-mo-yà dé ṣáájú, wọ́n jókòó sí ìdí tábìlì tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, abọ́ tó bá ti ilé-ìdáná jáde, ọ̀dọ̀ wọn ló ń kọ́kọ́ kàn. Kí àlejò tí a fi ìwé pè tó rí abọ́, ìkòkò ti gbẹ. Kílóráìdì ni mo-gbọ́-mo-yà inú omi aró. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká sọ pé gíráàmù 3.5 kílóráìdì wà nínú lítà omi kan, tí aró Reactive Black 5 inú rẹ̀ sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù kan. Mólékù aró náà kan wúwo tó kílóráìdì 28. Bí a bá ka orí wọn, á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílóráìdì 1,000 sí ẹyọ aró kan. Àpọ́n tí kì í yan ẹni, tí ọjọ́ rẹ̀ kò sì pẹ́, ta ni yóò kọ́kọ́ pàdé?

Pẹ́rọ́ksáìdì tí a fi owó rà, tí a fẹ́ kó jó aró, ń lọ sára iyọ̀ tí a kò fẹ́ jó. Irin pàápàá, kílóráìdì máa ń dì mọ́ ọn, tí kì í jẹ́ kó ráyè já pẹ́rọ́ksáìdì. Kò tán síbẹ̀. Kílóráìdì tí àpọ́n ti gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ti di ohun tí ń gba nǹkan fúnra rẹ̀, irú kílóríìnì kan tó ní agbára, tó sì lè so mọ́ wẹ́wẹ́ aró. Wẹ́wẹ́ aró tí kílóríìnì ti so mọ́ lè le fún ara èèyàn àti ẹja ju aró tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lọ. Omi náà á ti mọ́ lójú o.

Ohun kan wà tó wú mi lórí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Olè tí kílóráìdì ń jà yìí, ó ṣeé gbà padà. Nínú omi tó kan, lọ́gán tí kílóráìdì bá ti gba agbára àpọ́n, kíkan omi náà á ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn, kò sí àbọ̀ mọ́. Nínú omi tí kò kan, tàbí tó rí bí omi eérú, ohun tí kílóráìdì gbà kì í dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Kó tó pẹ́, á ti dá a padà, àpọ́n á sì tún máa bá tirẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn mìíràn fi ń fi ósóònù ṣe tiwọn, nítorí pé ósóònù kò nílò omi kíkan. Nínú omi eérú gan-an ló ti ń bí àpọ́n jù. Omi eérú sì ni ọ̀pọ̀ omi ilé aró, nítorí sódà tí wọ́n ń lò. Ọ̀nà kejì ni pé kí aláró fúnra rẹ̀ pààrọ̀ alárinà: kó fi iyọ̀ ọbẹ̀ sílẹ̀, kó lo sódíọ̀mù sọ́féètì, tí wọ́n ń pè ní iyọ̀ Glauber. Sọ́féètì kì í já oúnjẹ gbà bíi kílóráìdì. Mo fẹ́ràn ọ̀nà kejì yìí nítorí pé ibi ìkòkò aró ló ti bẹ̀rẹ̀, kò dúró dìgbà tí omi bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ wẹ̀ ẹ́.

Iyọ̀ tún ń ṣe ohun kan tó burú: ó ń mú kí àyẹ̀wò purọ́. Òdiwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ẹ̀gbin inú omi ṣe pọ̀ tó ni COD. Wọ́n á bu omi náà díẹ̀, wọ́n á fi ásíìdì líle àti kẹ́míkà kan tí ń jẹ́ dáíkírómétì sí i, wọ́n á sè é fún wákàtí méjì, wọ́n á wá wo iye dáíkírómétì tó lọ. Iye tó lọ ni ẹ̀gbin tó jó. Ṣùgbọ́n kílóráìdì náà ń jó níbẹ̀, wọ́n sì ń kà á mọ́ ẹ̀gbin. Ẹ bu omi tó mọ́ gaara, ẹ po iyọ̀ ọbẹ̀ sí i, ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò yìí láìsí àtúnṣe, èsì á ní omi ẹ̀gbin ni. Kí wọ́n má bàa ṣìnà, wọ́n ń fi mẹ́kúrì sọ́féètì sí i, kí mẹ́kúrì di kílóráìdì mú. Mẹ́kúrì! Ẹni tó ń wá bí omi yóò ṣe mọ́ ti ní ìgò kékeré kan lọ́wọ́ tó léwu ju omi aró lọ, ó sì gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ lọ́tọ̀. Bí kílóráìdì bá ti kọjá gíráàmù 2 nínú lítà kan, mẹ́kúrì pàápàá kò lè dá a dúró dáadáa, àfi kí wọ́n la omi náà. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé òun ti wẹ omi oníyọ̀ mọ́ títí dé iye kan, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló ṣe fún kílóráìdì nígbà tó ń wọn ọ́n.

Àwọn kan ronú pé níwọ̀n bí mo-gbọ́-mo-yà kò ti ní lọ, ẹ jẹ́ ká fún un níṣẹ́. Wọ́n ti irin méjì bọ inú omi oníyọ̀ náà, wọ́n tan iná mànàmáná sí i. Lára irin kan, kílóráìdì á di kílóríìnì, kílóríìnì á bá omi di irú ohun tó wà nínú ìgò JIK, á sì máa jẹ àwọ̀ aró lọ. Bí iyọ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni iná ṣe ń rọrùn láti la omi náà kọjá. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Ohun ìfunṣọ tí à ń rà lọ́jà àti kọ́sítíìkì sódà tí àwọn ìyá aládìrẹ òde òní ń pò mọ́ kẹ́míkà tí ń jẹ́ hydrosulphite, inú omi iyọ̀ tí wọ́n tan iná sí ni ìpìlẹ̀ àwọn méjèèjì ti wá. Ohun tó mú un rọrùn lóde òní ni irin títáníọ̀mù tí wọ́n fi rùtẹ́níọ̀mù ọ́ksáìdì bò, èyí tí Henri Beer ṣe ní àwọn ọdún 1960, tí kílóríìnì kì í tètè jẹ. Àwọn mìíràn ń lo dáyámọ́ńdì tí ọwọ́ ènìyàn ṣe, tí wọ́n fi bórọ́ọ̀nù díẹ̀ sí kí iná lè gbà á kọjá. Agbára dáyámọ́ńdì pọ̀ gan-an. Ó pọ̀ débi pé ó lè ti kílóráìdì síwájú títí á fi di pẹrikílórétì, èyí tó máa ń dènà áyódíìnì nínú ara. Àìsí áyódíìnì yẹn ló ń fa gẹ̀gẹ̀.

Wọ́n ti gbìyànjú ooru gíga pẹ̀lú. Bí a bá gbé omi kọjá ìwọ̀n 374 lórí òdiwọ̀n Celsius, tí a sì tẹ̀ ẹ́ kọjá ìlọ́po 218 ìtẹ̀mọ́lẹ̀ atẹ́gùn tó yí wa ká, ẹ̀gbin inú rẹ̀ máa ń jó tán láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tó ti rí bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ iyọ̀ mọ́. Iyọ̀ á jábọ́, á dí páìpù pa, á sì jẹ irin.

Bí a bá ti jó aró tán, lọ́nà yòówù kó jẹ́, iyọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Kò sí ìjóná tó lè mú un kúrò.  Omi tó mọ́ gaara, tí èèyàn lè fi ka ìwé, lè pa oko ìrẹsì kan. Níhìn-ín ni mo ti ń bá àwọn tó ń polówó ẹ̀rọ ìwẹmi jà nínú ọkàn mi, bí wọ́n bá gbé ìgò méjì kalẹ̀, ọ̀kan pupa, èkejì funfun, tí wọ́n ní iṣẹ́ ti parí. Ahọ́n nìkan ló lè dá ẹjọ́ ìgò kejì yẹn. Ní Abẹ́òkúta, omi tí a fi ṣan àdìrẹ ń wọ gọ́tà, gọ́tà ń lọ sọ́dọ̀ Odò Ògùn, inú Odò Ògùn ni wọ́n sì ti ń fa omi tí wọ́n ń wẹ̀ ní Adìyàn àti Ijù fún àwọn ará Èkó. Sódà àti hydrosulphite tí à ń lò, iyọ̀ ni wọ́n ń dà lẹ́yìn tí iṣẹ́ wọn bá parí. Iṣẹ́ ọwọ́ wa kò tíì tó ti Tiruppur, odò wa sì tóbi ju Noyyal lọ. Mo fẹ́ kí a ronú sí i nígbà tó ṣì rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn ará Tiruppur tún ṣílẹ̀kùn. Àwọn ilé aró kó owó jọ, wọ́n kọ́ ibùdó ìwẹmi àjùmọ̀lò, páìpù sì ń gbé omi lọ láti ilé aró púpọ̀ síbẹ̀. Àwọn kòkòrò á kọ́kọ́ jẹ ohun tí wọ́n lè jẹ. Lẹ́yìn náà ni kílóríìnì tàbí ósóònù á pa àwọ̀. Wọ́n á wá fi ẹ̀rọ ti omi náà gba inú awọ tó ní ihò kékeré jọjọ, irú ẹ̀rọ RO tí àwọn kan nínú àwọn oníléeṣẹ́ omi inú ọ̀rá ń lò nílé wa. Omi tó gba ibẹ̀ kọjá á padà lọ ṣan aṣọ. Iyọ̀ á ṣẹ́kù sí ẹ̀yìn awọ, nínú omi díẹ̀ tó níyọ̀ bí òkun. Bí wọ́n bá jẹ́ kí ẹ̀gbin pọ̀ kó tó dé ibẹ̀, awọ náà á dí, owó ńlá ni wọ́n sì fi ń ra òmíràn. Iyọ̀ tí wọ́n kò rí lò, wọ́n ń sè é títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, ó sì ń di òkítì iyọ̀ àdàpọ̀ lábẹ́ òrùlé, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ rà.

Ṣùgbọ́n omi iyọ̀ tó mọ́ nínú rẹ̀, wọ́n rí ibi lò ó. Wọ́n ń dá a padà sí ilé aró, kó tún lọ ṣe alárinà láàárín aró mìíràn àti òwú mìíràn. Ibí yìí ni ìjóná ti wúlò jù lójú tèmi. Bí pupa àná bá ṣẹ́kù díẹ̀ nínú omi iyọ̀ náà, á ba aṣọ olómi ọsàn ti òní jẹ́. Àfi kí wọ́n jó o tán. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ pa gbogbo kílóríìnì tó kù lẹ́yìn iṣẹ́, kí omi iyọ̀ náà tó wọ ìkòkò, torí pé bí ó bá ṣẹ́kù, àwọ̀ tuntun náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ kó tó kan òwú.